Ikọ́ Fée àti Ásíìdì Inú Ikùn: Bí Àìsàn Méjì Ṣe Ń Kó Bá Ara Wọn, àti Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Wọn Pọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní àsímà, ni àyà títa àti omi kíkan tí ń rú sókè láti inú ikùn tún ń bá fínra. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jí lóru pẹ̀lú ikọ́, tí àyà rẹ̀ fún pọ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ sì ń ta á, ó máa ń ṣòro fún un láti mọ èwo nínú àìsàn méjèèjì ni ó jí i. Ará ilé kan á ní ulcer ni, kí ó mu mílíìkì. Òmíràn á ní ọyẹ́ ni ó fẹ́ sí i lára. Ẹni tí ń ta oògùn ní ìkóríta á sì di oògùn ásíìdì àti oògùn ikọ́ pọ̀ fún un nínú ọ̀rá kan ṣoṣo. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, oògùn á ti kún orí tábìlì, síbẹ̀ kò tíì rí oorun sùn.

Òótọ́ ni pé àìsàn méjèèjì mọ ara wọn, òótọ́ sì ni pé ọ̀kan lè mú kí èkejì le sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ó yé gbogbo ẹni tí ó bá ka àlàyé yìí ni pé oògùn ásíìdì kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn ikọ́ fée, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ikọ́ fée kò lè dá ásíìdì dúró sínú ikùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó tọ́jú bí ó ti yẹ, a ó sì máa wo bí ìtọ́jú ọ̀kan ṣe kan èkejì. Àṣìṣe tí ó lè gba ẹ̀mí ni kí ènìyàn pa ínhélà rẹ̀ (ohun èlò tí a fi ń fa oògùn sínú ẹ̀dọ̀fóró) tì nítorí pé ẹnì kan ti sọ fún un pé inú ni gbogbo wàhálà náà ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́. Ikọ́ fée jẹ́ àìsàn àwọn ọ̀nà tí èémí ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Inú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí máa ń wú, ó sì máa ń tètè bínú sí eruku, èéfín, òtútù, òórùn líle tàbí ọ̀fìnkìn. Bí ó bá ti bínú, iṣan tí ó yí ọ̀nà náà ká á fún pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á pọ̀ nínú rẹ̀, atẹ́gùn á sì máa fi ipá gba ibi tóóró kọjá. Ìdí nìyẹn tí àyà fi ń dún fíì-fíì nígbà tí aláìsàn bá ń mí síta. Àìsàn yìí kò kéré: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù 262 ènìyàn ni ó ní in káàkiri ayé, àti pé ó pa nǹkan bíi 455,000 nínú wọn lọ́dún náà.

Ní ti ásíìdì, ọ̀nà oúnjẹ tí ó ti ọ̀fun lọ sí àpòlúkù gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lára àgbàlagbà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni iṣan kan wà tí ó ká bí òrùka, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti okùn ẹnu àpò: ó ń tú kí oúnjẹ lè wọlé, ó sì ń fún padà kí ohun tí ó ti wà nísàlẹ̀ má baà gòkè. Ara inú àpòlúkù lè gba ásíìdì mọ́ra, ṣùgbọ́n ara inú ọ̀nà oúnjẹ kò lè gbà á. Kò sí ẹni tí díẹ̀ kì í rú sókè lára rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ó di àìsàn nígbà tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tí ó ń ta ènìyàn láyà, tàbí tí ó ti ń dá egbò sí ọ̀nà oúnjẹ.

Ibo wá ni àwọn méjèèjì ti pàdé? Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn mọ̀. Èkíní gba ara iṣan ìmọ̀lára. Nígbà tí ènìyàn ṣì wà nínú oyún, ibì kan náà ni ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ti hù jáde, iṣan ìmọ̀lára kan náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ vagus ni ó sì ń gbé ìròyìn àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ títí di ọjọ́ alẹ́. Nítorí náà, bí ásíìdì bá kan ìsàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ, ìròyìn náà lè dé ọpọlọ kí ó sì padà sọ́dọ̀ ọ̀nà èémí gẹ́gẹ́ bí àṣẹ pé kí ó fún pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ásíìdì náà kò dé ọ̀fun rárá. Ọ̀nà kejì rọrùn láti rí: ẹ̀kán omi kíkan gòkè dé ọ̀fun nígbà tí ènìyàn bá sùn, ó sì ṣèèṣì yọ́ wọ ọ̀nà èémí, ó ń ta á, ó ń mú un wú. Òru ni èyí wọ́pọ̀ jù, nítorí pé ẹni tí ó sùn kì í gbé itọ́ mì bíi ti ọ̀sán, kì í sì í tètè wúkọ́ láti lé ohun tí ó yà wọlé jáde.

Ìfura yìí kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1892 ni William Osler, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká oníṣègùn ọmọ Kánádà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àjẹkì lè dá ìkọlù àsímà sílẹ̀.

Ikọ́ fée náà ń san án padà fún ikùn. Nígbà tí ọ̀nà èémí bá há, atẹ́gùn máa ń há mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀fóró á wú ju bó ṣe yẹ lọ, á sì tẹ iṣan pẹrẹsẹ tí ó pààlà láàárín àyà àti ikùn mọ́lẹ̀. Iṣan pẹrẹsẹ yìí ni ó ń ti òrùka ọ̀nà oúnjẹ lẹ́yìn, nítorí náà bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òrùka náà á dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ikọ́ líle fúnra rẹ̀ ń fún ikùn, ó ń ti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sókè, nígbà tí fífi ipá fa èémí sínú náà tún ń fà á láti òkè. Ẹni tí ikọ́ fée rẹ̀ kò bá sí lábẹ́ ìkáwọ́, ásíìdì lè máa rú lára rẹ̀, kódà kí ó jẹun ní àkókò tí ó dára jù.

Àwọn oògùn ikọ́ fée kan náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Theophylline àti aminophylline, tí a ṣì ń rí nínú àwọn hóró oògùn ikọ́ fée olówó pọ́ọ́kú ní Nàìjíríà, máa ń mú òrùka yẹn dẹ̀, ó sì ń mú kí àpòlúkù tú ásíìdì sí i. Salbutamol, oògùn tí ń tú ọ̀nà èémí sílẹ̀, tí a gbé mì bíi hóró náà lè mú un dẹ̀, nítorí pé gbogbo ara ni ó ń gbà kọjá kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí a fà símú láti inú ínhélà kéré púpọ̀, tààrà ni ó sì ń lọ sí ibi tí a fẹ́. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí mo fi gbà pé ẹni tí ó bá ní àìsàn méjèèjì yẹ kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ hóró oògùn sí ínhélà. Prednisolone, sìtẹ́rọ́ìdì (oògùn tí ń mú wíwú lọ sílẹ̀) oníhóró tí wọ́n máa ń fún ènìyàn fún ọjọ́ mélòó kan nígbà tí ìkọlù bá le, lè mú kí àyà máa ta. Kí a jẹun kí a tó lò ó, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ̀ ọ́ nítorí ìbẹ̀rù ulcer, nítorí pé ní àkókò ìkọlù líle, òun ni ó ń mú kí wíwú inú ọ̀nà èémí lọ sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn dókítà ti mọ gbogbo èyí, ohun tí ó kàn lọ́kàn wọn ni pé bí a bá ti pa ásíìdì lẹ́nu mọ́, ikọ́ fée náà yẹ kí ó rọlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fún àwọn aláìsàn àsímà ní oògùn ásíìdì lórí èrò yìí. Ní ọdún 2009 ni àbájáde ìwádìí kan tí àwọn ilé ìwádìí tí American Lung Association dá sílẹ̀ ṣe jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kó ènìyàn 412 jọ tí ikọ́ fée wọn kò rọlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń lo ínhélà sìtẹ́rọ́ìdì, ṣùgbọ́n tí àyà kì í fi bẹ́ẹ̀ ta wọ́n, wọ́n sì fún àwọn kan ní esomeprazole, oògùn ásíìdì kan, mílígíráàmù 40 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Ẹ̀rọ tí ń wọn ásíìdì nínú ọ̀nà oúnjẹ fi hàn pé nǹkan bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ásíìdì ń rú lára wọn láìmọ̀. Síbẹ̀, oògùn náà kò mú ikọ́ fée wọn sàn ju ti àwọn tí kò rí oògùn gbà lọ, àní lára àwọn tí ẹ̀rọ ti fi hàn pé ásíìdì ń rú lára wọn pàápàá. Ní ọdún 2012, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe lórí ọmọdé 306 pẹ̀lú lansoprazole, oògùn ásíìdì mìíràn, rí ohun kan náà, ó sì tún rí i pé àwọn ọmọ tí ń lo oògùn náà ní àìsàn ọ̀nà ọ̀fun àti ti èémí ju àwọn yòókù lọ.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa hàn kedere. Bí àyà kò bá ta ọ́, tí omi kíkan kì í wá sí ọ lẹ́nu, kò sí ìdí láti máa mu omeprazole tàbí irú oògùn ásíìdì bẹ́ẹ̀ nítorí ikọ́ fée. Bí àyà bá ń ta ọ́, oògùn náà yẹ ọ́, nítorí àyà rẹ tí ń ta ní àkọ́kọ́. Bí ó bá wá mú kí ikọ́ òru rẹ dínkù, èrè lórí èrè ni. Èyí náà ni ìmọ̀ràn GINA, ẹgbẹ́ àwọn amòye tí ó ti ń tọ́ àwọn dókítà kárí ayé sọ́nà lórí àsímà láti ọdún 1993. Ó dùn mí gan-an láti máa rí òbí tí ń fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn ásíìdì fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí ikọ́ fée, nígbà tí ínhélà tí ó yẹ kí ọmọ náà máa lò wà nínú dúrọ́ọ̀, tí wọn kò ṣí i rí.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè fura pé ásíìdì ń kó bá ikọ́ fée òun? Kí ó wo bóyá ikọ́ tàbí fíì-fíì náà máa ń dé lẹ́yìn oúnjẹ tí ó pọ̀, tàbí nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀, tàbí nígbà tí ó bá tẹ ara rẹ̀ síwájú láti gbálẹ̀ tàbí fọṣọ. Kí ó wo bóyá ẹnu rẹ̀ máa ń kan ní òwúrọ̀, bóyá ohùn rẹ̀ máa ń há kí ó tó là, bóyá ó máa ń gùfẹ̀ kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti dàgbà kí ikọ́ fée tó bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, tí eruku tàbí ìyípadà ojú ọjọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ nípa lórí rẹ̀, ní ìdí láti fura ju ẹni tí ó ti ní in láti kékeré lọ. Ohun tí ó ṣe ìrànlọ́wọ́ jù ni ìwé kékeré kan tí a ó máa kọ àkókò oúnjẹ, àkókò oorun, àkókò ikọ́ àti iye ìgbà tí a lo ínhélà aláwọ̀ búlúù, èyí tí ń tú ọ̀nà èémí sílẹ̀ kíákíá, sí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ìwé náà á ti máa sọ ohun tí ìrántí kò lè sọ, dókítà á sì rí i lò. Bí ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn agbára èémí bá wà nílé, tí a ń fọn ún ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, kí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Níbí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ulcer, nítorí pé ní ilẹ̀ wa, kò sí irora kankan láti ìdodo dé ọ̀fun tí wọn kò ní fi orúkọ yẹn pè. Ulcer jẹ́ ọgbẹ́ tí ó wà lára àpòlúkù tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Kòkòrò Helicobacter pylori ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwárí tí Barry Marshall àti Robin Warren ṣe ní Ọsirélíà, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005; àwọn oògùn ìrora bíi aspirin àti ibuprofen ni ó ń fa ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó kù. Òkè ikùn ni ó ti máa ń dunni. Ásíìdì tí ń rú sókè ní tirẹ̀ máa ń jó láti ẹ̀yìn egungun àyà lọ sí ọ̀fun, ó sì máa ń le lẹ́yìn oúnjẹ àti nígbà tí a bá dùbúlẹ̀. Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì nítorí ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn ń fún ara wọn. Wọ́n á ní kí ẹni tí ó ní ulcer má ṣe jẹ́ kí ebi pa òun rárá, òun náà á sì máa jẹun ní aago mọ́kànlá alẹ́, á máa mu mílíìkì kí ó tó sùn. Bí ó bá jẹ́ pé ásíìdì tí ń rú sókè ni ó ń ṣe é, ohun tí ń pa á lára gan-an ni wọ́n ní kí ó máa ṣe yẹn. Mílíìkì ń tu àyà lára fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ikùn á tún tú ásíìdì sí i láti fi dà á.

Àtúnṣe tí ó lágbára jù kò ná ènìyàn lówó: kí wákàtí mẹ́ta ó wà láàárín oúnjẹ alẹ́ àti ìdùbúlẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ. Ẹni tí ó kúrò níbi iṣẹ́ ní Victoria Island ní aago mẹ́fà, tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ há mọ́ ojú ọ̀nà, tí ó dé Ìkòròdú ní aago mẹ́wàá, ebi á ti máa pa á, ẹ̀bà tàbí àmàlà ni ojú rẹ̀ á sì wà lára. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí ó jẹ oúnjẹ tí ó wúwo lọ́sàn-án, kí ó fi nǹkan díẹ̀ panu kí ó tó wọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ohun tí yóò jẹ nílé sì kéré, kí ó má sì ní epo púpọ̀. Bákan náà ni oṣù Ramadan. Ẹni tí ó jẹ sàárì tán tí ó tún padà lọ sùn ti tẹ́ ikùn tí ó kún sílẹ̀ gbọọrọ. Ó sàn kí ó jókòó títí tí yóò fi kírun àsùbáà, kí ó sì rọra jẹun díẹ̀díẹ̀ nígbà ìṣínu. Kí ẹni tí ń gbààwẹ̀ sì bá dókítà rẹ̀ ṣètò àkókò ínhélà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má lọ pa á tì fún oṣù kan gbáko.

Bí a ṣe ń sùn ni ó tún kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń to ìrọ̀rí mẹ́ta sábẹ́ orí, ṣùgbọ́n ìrọ̀rí tí ó ga ń ká ènìyàn láàárín, ó ń tẹ ikùn, ó sì lè mú kí ásíìdì rú sí i. Ibùsùn fúnra rẹ̀ ni kí a gbé sókè ní apá orí: kí a fi igi tàbí bíríkì tí ó dúró dáadáa sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì tí ó wà níbẹ̀, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹni tí ń sùn sórí mátírẹ́ẹ̀sì ní ilẹ̀ lè ra fóòmù tí wọ́n gé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èyí tí yóò gbé e láti ìbàdí dé orí. Kí a sì máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, nítorí pé bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ẹnu òrùka náà máa ń wà lókè ásíìdì. Bí a bá fi ọ̀tún lélẹ̀, inú ásíìdì ni ó ń wà. Ìró tí a dì mọ́ ìbàdí pinpin, bẹ́líìtì tí a fún, àti ọ̀rá tí ó pọ̀ ní ikùn ń tẹ àpòlúkù láti ìta. Ẹni tí ó sanra tí ó bá dín sísanra rẹ̀ kù díẹ̀ sábà máa ń rí ìtura lára àìsàn méjèèjì.

Ní ti oúnjẹ, n kò fara mọ́ ìwé gígùn tí ń ka gbogbo nǹkan léèwọ̀, títí tí aláìsàn kò fi ní rí ohun tí yóò jẹ. Ohun tí a mọ̀ ni pé oúnjẹ olóròóró, ọtí, kọfí, ṣokoléètì àti peppermint máa ń mú òrùka ọ̀nà oúnjẹ dẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti pé ata, tòmátò àti ọsàn máa ń ta ibi tí ó ti bó tẹ́lẹ̀. Kaféènì, èròjà inú kọfí, wà nínú obì pẹ̀lú. Kí ẹni tí ń lá súìtì oní-peppermint ní gbogbo ìgbà nítorí ọ̀fun tí ń ta á mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí súìtì náà wà lára ohun tí ń fà á. Kí olúkúlùkù wo inú ìwé tí ó ń kọ, kí ó yọ èyí tí ó dájú pé ó ń pa òun lára kúrò, kí ó sì máa jẹ èyí tí ó kù ní àlàáfíà. Sìgá nìkan ni kò ní àwíjàre: ó ń tú òrùka, ó sì ń bó inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun kan tí a kì í sábà mẹ́nu kàn ni oògùn ìrora. Aspirin, ibuprofen àti diclofenac ń bó inú àpòlúkù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì lè dá ìkọlù tí ó le sílẹ̀ lára àwọn kan tí ó ní ikọ́ fée, pàápàá àwọn tí imú máa ń dí fún tí ẹran sì ń hù sí wọn nímú. Ó yẹ kí a rántí pé aspirin àti kaféènì ni ó wà nínú Alabukun, ìyẹ̀fun oògùn tí Jacob Ṣógbóyèga Ọ̀dúlatẹ̀ dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1918, tí ó sì ti di ti gbogbo ilé láti ìgbà náà wá. Orí fífọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ó fún, wọn kì í sì í ka ara wọn mọ́ ẹni tí ń lo aspirin. Fún ẹni tí ó ní àìsàn méjèèjì yìí, paracetamol ni ó sàn jù, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Bí dókítà bá sì ti ní kí ẹnì kan máa lo aspirin nítorí ọkàn rẹ̀, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀; kí ó padà lọ bá dókítà náà.

Bí a bá nílò oògùn ásíìdì, bí a ṣe ń lò ó ṣe pàtàkì tó oògùn náà fúnra rẹ̀. Omeprazole àti àwọn ẹbí rẹ̀ kì í ṣe oògùn tí a ń gbé mì nígbà tí àyà bá ti ń ta. Iṣẹ́ wọn ni láti ti ẹnu àwọn orísun kéékèèké tí ń tú ásíìdì jáde, àwọn orísun wọ̀nyí kì í sì í jí dáadáa àfi nígbà tí oúnjẹ bá ń bọ̀. Nítorí náà, ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ ni kí a lò ó, lójoojúmọ́. Ẹni tí ó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ tàbí nígbà tí ó bá rántí lè rò pé oògùn náà kò dára. Èyí tí a lè lò lójú ẹsẹ̀ ni àwọn oògùn funfun olómi tàbí èyí tí a ń jẹ lẹ́nu, bíi magnesium trisilicate, ṣùgbọ́n ìtura wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń mú wá.

Ní ti ínhélà, oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ jù, ìdàrúdàpọ̀ láàárín wọn sì pọ̀. Èyí tí ó jẹ́ búlúù, tí salbutamol sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ń tú ọ̀nà èémí sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo wíwú inú rẹ̀ sàn. Èyí tí sìtẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀ kì í fún ni ní ìtura ojú ẹsẹ̀. Ó ń mú wíwú náà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a bá ń lò ó déédéé. Láti ọdún 2019 ni GINA kò ti fara mọ́ ọn mọ́ pé kí ẹnikẹ́ni tí ó ti bàlágà máa fi èyí tí ó jẹ́ búlúù nìkan tọ́jú ikọ́ fée, nítorí pé ìkọlù líle pọ̀ lára àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a máa fi omi yọ ẹnu kí a sì tu ú dànù lẹ́yìn tí a bá lo ti sìtẹ́rọ́ìdì, kí efun má baà hù lẹ́nu, kí ohùn má sì há. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ohùn tí ó há láti ara ínhélà lè jọ ti ásíìdì, kí wọ́n sì wá fi oògùn ásíìdì kún un láìnídìí.

Bí ènìyàn bá wá jí lóru tí kò mọ èyí tí ń ṣe òun, èémí ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Kí ó jókòó ṣánṣán, kí ó má dùbúlẹ̀. Bí àyà bá fún pọ̀ tàbí tí ó ń dún, kí ó lo ínhélà búlúù, ìfàsímú kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 60, títí dé mẹ́wàá bí ó bá gba bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ike tí a ń fi sí ẹnu ínhélà bí ó bá wà nílé. Bí èémí bá ti já gaara tí jíjó ṣì wà láyà, oògùn funfun olómi lè tẹ̀lé e. Ásíìdì kì í pa ènìyàn láàárín òru kan, ṣùgbọ́n ikọ́ fée lè pa á. Bí ẹni náà kò bá lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ láìsinmi, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, bí ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tí ó bá ń mí gúlegúle, tàbí tí ìfàsímú mẹ́wàá kò bá ràn án, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112 ní Nàìjíríà, 999 ní Bírítéènì àti 911 ní Amẹ́ríkà. Irora àyà tí ó wúwo, tí ó lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn sì ń bò ènìyàn, lè jẹ́ ti ọkàn, kí wọ́n má fi oògùn ásíìdì dán an wò rárá.

Àwọn àmì kan sì wà tí kò yẹ kí a máa fi omeprazole bò mọ́lẹ̀ nílé: kí oúnjẹ máa há ní àyà, kí ènìyàn máa rù láìmọ ìdí, kí ó bì ẹ̀jẹ̀, tàbí kí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Ẹni tí ó bá rí èyíkéyìí nínú wọn nílò kí àwọn dókítà fi ẹ̀rọ tí ó ní iná lórí wo inú ọ̀nà oúnjẹ àti àpòlúkù rẹ̀.

Fún ẹni tí àyà ń ta tí ikọ́ fée rẹ̀ kò sì rọlẹ̀, àwọn dókítà sábà máa ń fún un ní oògùn ásíìdì fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, lẹ́yìn náà kí wọ́n wo ìwé tí ó ń kọ. Bí ikọ́ òru kò bá yàtọ̀ rárá, a jẹ́ pé ibòmíràn ni ó ti ń wá: bóyá kò mọ bí a ṣe ń fa ínhélà, bóyá èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí ti kọ́ìlì ẹ̀fọn ni, bóyá imú rẹ̀ ni ó ń kán sí ọ̀fun. Bí ó bá sì ti sàn, kí wọ́n rọra dín oògùn ásíìdì kù díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí a bá já a lójijì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ikùn lè tú ásíìdì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, ènìyàn á sì rò pé àìsàn náà ti padà. Kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ínhélà sìtẹ́rọ́ìdì ní àkókò kan náà: bí a bá dín méjèèjì kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ikọ́ sì padà dé, kò sẹ́ni tí yóò lè sọ èyí tí ó fà á.